Mo Ní Kò Sí Àrùn Kankan Nínú Ìdílé Wa

Orúkọ mi ni Bùráímọ̀. Télọ̀ ni mí ní Ìpótì-Èkìtì, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí ṣọ́ọ̀bù mi ti wà lẹ́bàá ọjà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì mọ̀wé kọ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ tí dókítà yóò pè jókòó lọ́jọ́ kan, tí yóò sọ fún wọn pé àìsàn tó wà nínú wọn kì í ṣe tiwọn nìkan, pé kí wọ́n lọ kó àwọn ọmọ bàbá wọn wá. Ọ̀rọ̀ yẹn le ju abẹ lọ. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì gbé e pamọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo ń kọ èyí fún.

Kí n tó sọ tèmi, mo gbọ́dọ̀ sọ bí bàbá wa ṣe kú. Àgbẹ̀ kòkó ni, ìyàwó méjì ló ní. Ìyá mi ni ìyáálé, òun ló bí èmi àti àbúrò mi obìnrin, Sáfúrátù. Ìlú Ẹ̀fọ̀n ni ìyàwó kejì ti wá, Ìyá Ẹ̀fọ̀n ni gbogbo wa sì ń pè é. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn. Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdí rẹ̀ jáde. Ó rù títí egungun èjìká rẹ̀ fi yọ, inú rẹ̀ wú, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tó fi kú.

Lọ́dún yẹn, ìyá mi wà ní ìlú Ará, ó ń tọ́jú ìyá tirẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyá Ẹ̀fọ̀n ló ń se oúnjẹ bàbá. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i nìyẹn. Àbúrò bàbá wa, tí í ṣe àfáà, tí a ń pè ní Bàbá Àfáà, sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé pé nǹkan ti bá oúnjẹ wọnú ẹ̀gbọ́n òun. Ọmọ ogún ọdún ni mí, èmi sì ni àkọ́bí ọkùnrin. Èmi ni mo gbé àpótí aṣọ obìnrin náà síta. Kò bú mi, kò ṣépè. Ó fa Ìbídùn, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ́wọ́, ó ní, “Bùráímọ̀, èmi náà ni mo ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ bàbá rẹ,” ó sì lọ dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì.

Ìyá mi kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn bàbá. Ọwọ́ mi ni Sáfúrátù ti dàgbà.

Ọdún tí a gba òmìnira ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ tèmi. Mo lọ sẹ́yìn ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wo ilẹ̀, mo rí i tó pọ́n roro lórí ewé. Kò dùn mí. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ìjókòó pípẹ́ ló ń fà á fún àwa télọ̀, pẹ̀lú ṣúgà. Mo jáwọ́ nínú ṣúgà. Ìgò àgbo kì í kúrò lábẹ́ máṣìn mi. Bí mo bá mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ á dá, inú mi á dùn. Tó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, á tún dé. Mo fi ọdún kan àtààbọ̀ bá a ṣe eré yìí.

Nígbà tó yá, kì í tún ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ohun tó ń jáde ń yọ̀ bí ilá. Inú á lọ́ mi, mà á dìde nídìí máṣìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ọ̀sán tó pọ́n, oníbàárà á sì jókòó máa wojú ọ̀nà. Ní mọ́sálásí, mo kúrò ní ìlà iwájú, mo lọ ń dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà, nítorí àlùwàlá mi kì í dúró títí ìrun á fi parí. Àwọn èèyàn rò pé mo ń gbéra ga ni.

Ìyàwó mi, Áfúsátù, ló rí sòkòtò tí mo tì bọ ẹ̀yìn àpótí.

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí?”

“Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni.”

“Ó ti tó ìgbà wo?”

Mo na ọwọ́ kí n gba sòkòtò náà. Ó ká aṣọ náà, ó lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Bàbá Àfáà pé kí ó bá òun bẹ̀ mí kí n lọ sí ọsibítù. Bàbá Àfáà wá, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Bí ti bàbá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí,” ó ní. “Obìnrin yẹn kò tíì fi wá sílẹ̀.”

Ó kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú abọ́, mo ń mu ún láràárọ̀ fún oṣù márùn-ún. Mi ò sọ pé àdúrà kò dára. Àdúrà ni mo fi ń jí títí di òní. Ohun tó ń dùn mí ni pé à ń fi omi yẹn bá obìnrin kan jà tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí ohun tó ń pa mí ń bẹ nínú ìfun mi. Mo sì gbà á gbọ́. Ní òròòwúrọ̀, bí mo bá gbé abọ́ náà sẹ́nu, ojú Ìyá Ẹ̀fọ̀n ni mo máa ń rí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, tí aṣọ ọdún pọ̀ nílẹ̀ bí òkìtì, mo dìde láti mú ìwọ̀n, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Ìgbà tí mo lajú, orí mi wà lẹ́sẹ̀ Áfúsátù. Kò sunkún. Ó ní, “Bàbá Lásísì, ìyàwó kan ti ru ẹ̀sùn ikú ọkọ jáde nínú ilé yìí. Èmi ò ní ru èkejì. Ẹ dìde, a ń lọ sí Iléṣà lọ́la.”

Mo ta ọ̀kan nínú máṣìn mi méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń kó igi ìrókò, tó ń lọ ní òwúrọ̀, ló gbé wa. Nígbà tí a dé oríta Ìtawùrè, ibi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti yà, mo yí ojú mi sí apá kejì.

Ní ọsibítù Iléṣà, orí bẹ́ǹṣì gígùn la jókòó sí. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan, gbogbo wa á sún díẹ̀. A sún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ò dé ẹnu ilẹ̀kùn, a sùn sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, a tún sún lọ́jọ́ kejì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo fi àyè mi sílẹ̀ sáré lọ sí ṣálángá, ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì fi ọwọ́ tẹ́ bẹ́ǹṣì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Dókítà ibẹ̀ tẹ inú mi, ó fi ìka wo ìdí mi. Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní Ìbàdàn ni kí n máa lọ.

Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe wò mí ní Ìbàdàn, nítorí ìtìjú rẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé. Wọ́n fọ inú mi mọ́ tán, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lórí ibùsùn, kí n gbé orí mi sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ìforíkanlẹ̀, dókítà sì ti irin gbọọrọ kan tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ bọ ìdí mi. Ó ni mí lára. Ojú tì mí ju bó ṣe ni mí lára lọ. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ iṣu sísun kan tán ni, ó parí. Mo ti ṣe é ju ìgbà mẹ́wàá lọ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú yẹn pa yín.

Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ, Yorùbá ni. Ó ní kí n wọ aṣọ mi, kí n jókòó.

“Ẹ ti rí olú tó hù bo ìtì igi lóko rí?”

Mo ní mo ti rí i.

“Bí inú ìfun yín ṣe rí nìyẹn. Kókó kéékèèké ló hù síbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe ogún. Mi ò lè kà wọ́n. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan nínú wọn á di jẹjẹrẹ.” Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀. “Kí ló pa bàbá yín?”

“Ìyàwó rẹ̀ ló fún un ní májèlé jẹ.”

Kò kọ ọ́ sílẹ̀. “Báwo ni àìsàn náà ṣe ṣe é?”

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀jẹ̀, rírù, inú wíwú. Ó béèrè nípa bàbá bàbá mi. Mo ní a gbọ́ pé inú ló pa òun náà, wọ́n ní àwọn ará oko ló ṣe é. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó fún bàbá yín ní májèlé,” ó ní. “Ohun tó wà nínú yín yìí ló pa á. Bàbá rẹ̀ bí i mọ́ ọn, òun náà sì bí i mọ́ yín.”

Ẹ̀yin tó ń ka èyí yóò rò pé inú mi dùn pé a ti mọ òótọ́. Rárá. Mo ń fẹ́ kí ọkùnrin yẹn ṣe àṣìṣe. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé àpótí obìnrin kan síta.

Wọ́n là mí. Wọ́n gé ìfun ńlá mi kúrò, wọ́n fi ìfun kékeré so mọ́ ìwọ̀nba tó kù nítòsí ìdí, wọ́n sì ń fi iná jó àwọn kókó tó wà ní ìdí yẹn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò. Ìnira rẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́. Bí mo bá fẹ́ húkọ́, mà á kọ́kọ́ di ìrọ̀rí mọ́ inú. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kò tíì sí níbẹ̀. Dókítà ní ọdún kan sí i, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ó fún mi ní ìwé kan. Ó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan tí bàbá mi bí lè ní àìsàn náà, ó sì lè má ní in, bí ìgbà tí èèyàn ju kọ́bọ̀ sókè ni. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ láìwò ó. Tó bá sì ti ń dun èèyàn, ó ti pẹ́ jù.

“Ọmọ mélòó ni bàbá yín bí yàtọ̀ sí yín?”

“Àbúrò mi obìnrin kan.”

“Ṣé òun nìkan ni?”

Ìbídùn ń bẹ ní Ẹ̀fọ̀n. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, èmi ni yóò lọ mú un wá, ìyá rẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Mo ní, “Òun nìkan ni.”

Nígbà tí mo dé Ìpótì, àwọn ará Arámọkọ ti ń wá tọrọ Sáfúrátù. Kàmórù ni orúkọ ọmọkùnrin náà, akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, ọmọ dáadáa ni, Sáfúrátù sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi ìwé dókítà han Bàbá Àfáà. Ó gbọ́ mi tán.

“Jẹ́ ká ní òótọ́ ni,” ó ní. “Ta ló máa fẹ́ ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Jẹ́ kó wọ ilé ọkọ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lè lọ sí Ìbàdàn.”

Ó rí bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí mi.

Bàbá Kàmórù fúnra rẹ̀ wá ṣe ìwádìí, bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe. Ó jókòó sínú pálọ̀ wa, ó kí mi kú ewu.

“Bùráímọ̀, a gbọ́ pé wọ́n là ọ́ nínú. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀?”

“Ìfun ló lọ́ mọ́ra wọn, sà.”

“A dúpẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rin kinkin mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ làwọn méjèèjì máa bí. Ǹjẹ́ àrùn kankan wà nínú ìdílé yín tó yẹ ká mọ̀?”

Sáfúrátù gbé omi wọlé lákòókò náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Mo ní, “Kò sí.”

Wọ́n so yìgì lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo ní lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mà á lọ bá a sọ ọ́. Kó tó pé ogójì ọjọ́ dáadáa, ó ti lóyún. Mo ní kí ó bímọ ná. Ó bímọ, ó bí Àmínátù, mo ní kí ó já ọmú lẹ́nu ọmọ. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sí Arámọkọ, yóò sun iṣu fún mi, yóò gbé epo kalẹ̀, mà á bi í pé, “Ṣé ara le?” òun á ní ara le. Ìbéèrè tí mo yẹ kí n bi í kọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀. Èmi fúnra mi ń lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Dókítà á ní, “Àbúrò yín ńkọ́?” mà á ní ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀.

Ọdún kẹrin ìgbéyàwó wọn, Kàmórù gun kẹ̀kẹ́ láti Arámọkọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi tán tó fi ní Sáfúrátù ń ya ẹ̀jẹ̀, pé wọ́n ti fún un lágbo títí, pé kò lè dìde mọ́. Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. A gbé e dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò wúwo ju ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Dókítà kan náà ló wò ó. Ó jáde, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ṣé àbúrò tí mo ní kí ẹ mú wá nìyí?”

“Òun ni, sà.”

Ó yí padà, ó wọlé. Ì bá kúkú bú mi.

Wọ́n là á, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀, wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ náà pa láìgé ohunkóhun. Ọjọ́ kẹta, mo jókòó tì í lọ́sàn-án, Kàmórù ti lọ ra oúnjẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “dókítà ní òun ti rán yín sí mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Nígbà wo?”

“Kó tó di ìgbéyàwó rẹ.”

Ó ń wo òrùlé. “Mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà náà,” ó ní. “Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ. Nígbà tí mo gbé omi wọlé tí mo gbọ́ tí ẹ ní kò sí, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kò sí, á jẹ́ pé kò sí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Bàbá Àfáà, nípa ohun tí àwọn èèyàn yóò wí. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó dá mi dúró.

“Ẹ̀ bá ti sọ fún mi,” ó ní. “Èmi ni mo ni inú mi.”

Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí ó fi kú. Arámọkọ ló kú sí, lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ń fọ ọwọ́ lẹ́bàá sàréè, bàbá Kàmórù wá dúró níwájú mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó ní, “A bi ọ́ léèrè, Bùráímọ̀.” Ó yí padà, ó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Mo béèrè ilé títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀fọ̀n. Ó ń yan gààrí lẹ́yìn ilé, irun rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí láàárín èéfín, kò sì fi ìgbákọ sílẹ̀.

“Bùráímọ̀. Ta ló kú?”

“Sáfúrátù ni.”

Ìgbà náà ló jókòó. Òun ló pọn Sáfúrátù nígbà tí ìyá mi ń lọ ọjà Ìjerò. Ó sunkún rẹ̀, mo sì dúró sójú kan títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

“Nítorí náà, kì í ṣe èmi,” ó ní.

“Kì í ṣe ẹ̀yin, mà.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ó pé ọdún márùn-ún.”

“Ọdún márùn-ún. Ọmọ mi ń bẹ nílẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ń bẹ lára rẹ̀, o sì mọ̀.” Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Lọ sọ ọ́ ní ulé bàbá rẹ, lójú gbogbo àwọn tó dúró nígbà tí mo ń lọ. Nígbà tí o bá sọ ọ́ tán, kí o wá mú ọmọ mi lọ síbi tí o bá fẹ́.”

Ìbídùn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, iwájú orí bàbá wa ló gbé jáde. “Ìyá mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí wọ́n wò mí ná. Ìpótì ò ní sá lọ.”

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà gan-an. Nínú ọkọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tó béèrè bóyá ó máa ń dunni. Mo sọ òótọ́ fún un. Kókó kún ìfun tirẹ̀ náà bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ti yí padà. Wọ́n là á bí wọ́n ṣe là mí.

Kó tó kúrò lórí ibùsùn, mo ti pe agbo ilé jọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Mo dúró síbi tí mo gbé àpótí sí lọ́jọ́ tí mo lé Ìyá Ẹ̀fọ̀n, mo sọ fún wọn pé Ìyá Ẹ̀fọ̀n kò pa ẹnikẹ́ni, pé àìsàn ni, pé ó wà lára èmi náà, òun ló sì pa Sáfúrátù. Mo sọ ohun tí mo sọ fún bàbá Kàmórù. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Bàbá Àfáà ní Ọlọ́run ló mọ ohun gbogbo, ó dìde, ó wọlé. Lẹ́yìn oṣù kan, ó rán aṣọ àti orógbó sí Ẹ̀fọ̀n. Ìyá Ẹ̀fọ̀n gba orógbó, ó dá aṣọ padà.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ọdún keje rèé tí wọ́n ti là mí. Mò ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mi ò sì lè jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Omi ni mò ń mu púpọ̀. Mò ń ránṣọ, mo ń gun kẹ̀kẹ́ dé Ìjerò. Wọ́n ti wo Lásísì, ọmọ mi àgbà, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí n máa mú un wá lọ́dọọdún. Ọjọ́ orí àwọn méjì tó kù kò tíì tó. Ìbídùn ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, lẹ́nu ara rẹ̀, ọjọ́ kejì tó dẹnu kọ ọ́. Ọkùnrin náà kò sá.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tó ṣe é. Ẹ ka àwọn ọmọ bàbá yín, ẹ ka ti ìyá yín, kí ẹ sì kó wọn lọ. Bí wọ́n bá bínú sí yín, wọ́n á ṣì wà láàyè láti bínú.

Àmínátù, ọmọ Sáfúrátù, ti pé ọmọ ọdún márùn-ún ní Arámọkọ. Dókítà ní tó bá di ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n máa mú un bọ̀. Kàmórù gbà, kò tilẹ̀ jiyàn rárá. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, pé Ìbídùn ni yóò mú un lọ, kì í ṣe èmi. Mo ní kí Ìbídùn bá mi béèrè bóyá mo lè wọkọ̀ kan náà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà, kí n jókòó sẹ́yìn. Ó ní òun ti béèrè. Kàmórù kò tíì dá a lóhùn.